Kì í ṣe gbogbo ilà ni ìmọ́lẹ̀ ń bí: ìdáhùn lórí ọ́kíìdì Jàpáànù aláwọ̀ méjì

Ìbéèrè

Ìyá kan tó ń gbé ní Manchester, ní Ìlú Ọba, kọ̀wé sí mi pé àwọn ra ọ́kíìdì (ọ̀gbìn olódòdó kan) Jàpáànù méjì tí ewé wọn ní àwọ̀ méjì. Èkíní ni Nishidemiyako, tí etí ewé rẹ̀ funfun. Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, nígbà tó sì fi máa di oṣù Keje, etí funfun náà ti gbẹ láwọn ibì kan. Èkejì kò ní orúkọ, ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára ewé rẹ̀. Nítorí ohun tó ṣe àkọ́kọ́, wọ́n gbé èyí jìnnà sí fèrèsé, ewé méjì tó yọ lẹ́yìn náà kò sì ní ilà kankan. Wọ́n fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ṣe pọ̀ tó, bóyá ilà náà yóò padà bí ọ̀gbìn náà bá rí ìmọ́lẹ̀, àti ohun tó yẹ kí àwọn wò kí àwọn tó ra òmíràn.

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, Mà, ẹ sì kú ìtọ́jú. Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe ọ̀gbìn méjèèjì. Oòrùn ló jó etí ewé Nishidemiyako yín, ibẹ̀ ni ẹ ti tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òkùnkùn yàrá kọ́ ló gba ilà lọ́wọ́ èkejì, bí ẹ bá sì gbé e padà sínú ìmọ́lẹ̀ lónìí, ilà kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ hàn lára ewé tó ti yọ láìní in. Irú ilà kan wà tó jẹ́ pé láti inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀gbìn ló ti wá, irú mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń mú un hàn. Ẹni tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yóò kàn máa gbé ìkòkò kiri inú ilé ni, nítorí náà ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbájú mọ́ jù lọ.

Fukiran ni àwọn ará Jàpáànù ń pe irú ọ̀gbìn yìí, nígbà tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà nítorí ẹwà ewé tàbí òdòdó rẹ̀. Vanda falcata ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ewéko lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ṣì ń kọ Neofinetia falcata sára rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún un ní 1925, nítorí náà kí ẹ má ṣe rò pé oríṣi méjì ni bí ẹ bá rí orúkọ méjèèjì. Orí igi ló ń gbé nínú igbó, láti agbègbè Kanto ní Jàpáànù lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn títí dé àwọn erékùṣù Ryukyu, ó sì tún wà ní Kòríà àti Ṣáínà. Láyé Tokugawa Ienari, tó jẹ́ ṣógun (olórí ogun tó ń ṣàkóso Jàpáànù) láti 1787 sí 1837, òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn ìjòyè àti àwọn ọlọ́rọ̀, àwọn olùkójọ sì ṣì ń sọ ọ́ di òní pé àwọn ìjòyè a máa wá èyí tó ṣọ̀wọ́n kiri kí wọ́n lè fi ta ṣógun lọ́rẹ.

Ibi tó ń gbé lórí igi yẹn ló yẹ kí a fi mọ ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Jàpáànù, oòrùn le gan-an, ṣùgbọ́n ewé igi tó gbé e máa ń já oòrùn náà sí wẹ́wẹ́ kó tó kan án, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i lára tọ̀sán-tòru. Nígbà òtútù, àwọn kan lára igi wọ̀nyẹn a wọ́wé, ìmọ́lẹ̀ a wá pọ̀ sí i lára rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ìgbà yẹn kò ní agbára mọ́, òtútù sì ti mú ọ̀gbìn náà dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, tí kò gbóná, tí afẹ́fẹ́ sì wà pẹ̀lú rẹ̀: ohun tí fukiran mọ̀ nìyẹn. Ojú fèrèsé gúúsù ní oṣù Keje kò jọ èyí rárá, nítorí pé gíláàsì a máa sé ooru mọ́ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í rìn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilà fúnra rẹ̀. Kílórófíìlì ni ewé fi ń sọ ìmọ́lẹ̀ di oúnjẹ, òun náà ló sì ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Ibi tó funfun kò ní in, nítorí náà ibi tó tutù yọ̀yọ̀, èyíinì ni tó ní àwọ̀ ewé, ló ń bọ́ ọ. Ewé tún máa ń ní àwọn èròjà aláwọ̀ ìyeyè tó ń dáàbò bò ó nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀jù fún un. Etí ewé tó ní àwọ̀ ìyeyè ṣì ní lára èròjà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n èyí tó funfun gbòò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní wọn. Ìdí nìyẹn tí ibi funfun fi ń jó ṣáájú ibi aláwọ̀ ìyeyè, tí ibi aláwọ̀ ìyeyè sì ń jó ṣáájú ibi tútù lára ọ̀gbìn kan náà, nínú oòrùn kan náà.

Èyí ló máa ń da àwọn olùkójọ tuntun láàmú. Ewé aláwọ̀ méjì kò ní ibi ìdáná tó tó ti ewé tútù pátápátá, nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ebi yóò tètè pa á ju èkejì rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fara da oòrùn ọ̀sán. Kì í ṣe pé kí ẹ gbé e sínú òkùnkùn ni ojútùú. Ẹ dín agbára ìmọ́lẹ̀ kù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó pẹ́ lára rẹ̀. Wákàtí méjìlá ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́ sàn fún un ju wákàtí mẹ́ta oòrùn gangan lọ, àní bí àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bá tilẹ̀ dọ́gba.

Irú àwọ̀ tó wà lára Nishidemiyako yín ni wọ́n ń pè ní fukurin, èyíinì ni kí àwọ̀ kejì yí etí ewé ká. Góńgó ibi tí ewé tuntun ti ń hù jáde ní ìpele sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan bo èkejì. Lára irú ọ̀gbìn báyìí, ìpele òde ló máa ń di etí ewé. Bí ìpele òde yẹn bá ti sọ agbára láti ṣe kílórófíìlì nù, tí ìpele inú sì wà bó ṣe yẹ kó wà, etí yóò funfun, àárín yóò tutù, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí láti ewé dé ewé àti láti ara ìyá dé ara ọmọ tó ń yọ lára rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn olùkójọ fi ń gbára lé fukurin, tí Nishidemiyako àti Fukiden fi wà lára àwọn tí gbogbo ayé ń wá. Ìmọ́lẹ̀ kò lè fún un ní etí funfun, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣe ni kó bọ́ ọ tàbí kó jó o.

Ti èkejì yín yàtọ̀. Shima ni wọ́n ń pe ilà tó gùn láti ìdí ewé dé orí rẹ̀. Níbí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní kílórófíìlì àti àwọn tí kò ní i kò tò ní ìpele, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà ní góńgó náà, ìwọ̀n wọn sì lè yí padà láti ewé kan sí òmíràn. Bí àwọn tútù bá gba gbogbo góńgó, ilà yóò pòórá. Bí àwọn funfun bá ló gbà á, ewé yóò máa jáde ní funfun pátápátá, ọmọ tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ ara rẹ̀, yóò kú bí ẹ bá gé e kúrò lára ìyá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gbìn yín ni èyí àkọ́kọ́, ì bá sì ti ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tilẹ̀ gbé e síbi tó dára jù nínú ilé. Pé ó bọ́ sí àsìkò tí ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé ló jẹ́ kó dà bíi pé òkùnkùn ló fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ìrètí nù. Ìdí ewé ni ọmọ ti máa ń yọ, àwọ̀ ibi tó ti yọ ló sì máa ń gbé wá. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ewé àgbà ti ní ilà, ọmọ ṣì lè yọ tí yóò ní ilà bíi tiwọn, pàápàá níbi tí ilà bá ti wọ ìdí ewé lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ tọ́jú àwọn ewé ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn bí ojú. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tútù pátápátá ló yọ, ẹ jẹ́ kí ó ní gbòǹgbò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ wá yà á sọ́tọ̀ sínú ìkòkò tirẹ̀, nítorí pé yóò yára dàgbà ju àwọn tó ní ilà lọ, yóò sì gba àyè lọ́wọ́ wọn.

Irú tí ìmọ́lẹ̀ ń mú hàn ni torafu, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń dábùú ewé bíi ilà ara táígà (ẹranko ńlá tó jọ ẹkùn), àti àwọn kan tí ewé wọn máa ń jáde ní tútù, tí àwọ̀ ìyeyè á wá máa hàn sí i bí ewé bá ṣe ń dàgbà. Fún irú wọ̀nyí, ibòji púpọ̀ a máa bo ilà mọ́lẹ̀ títí yóò fi dà bíi pé kò sí, bí ẹ bá sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un, yóò tún hàn lára ewé tó ń bọ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ewé tó ń jáde ní funfun tàbí ìyeyè, tó sì ń di tútù bó ṣe ń gbó. Ẹni tó ra irú èyí tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ̀gbìn òun ń bàjẹ́. Àwọn ará Jàpáànù ní orúkọ fún ìṣesí kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè pé èwo nínú wọn ni èyí tí ẹ fẹ́ rà, nítorí àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ ọ́.

Ní ti iye, lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, fóònù yín sì lè wọ̀n ọ́n níwọ̀nba tó tó fún iṣẹ́ yìí. Ibi tí ewé wà gan-an ni kí ẹ gbé e sí, kí ojú rẹ̀ kọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Oòrùn ọ̀sán gangan níta ń sún mọ́ 100,000 lux. Fukiran tútù a máa ṣe dáadáa láàárín 15,000 sí 20,000 lux nígbà tó bá ń dàgbà. Fún fukurin funfun bíi tiyín, 10,000 sí 15,000 ni èmi yóò fi sí, kí ó pẹ́ tó wákàtí méjìlá tàbí mẹ́tàlá lójúmọ́. Torafu lè gba 20,000 tàbí kó lé díẹ̀, bí ewé kò bá gbóná. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé náà: bí ó bá gbóná lójú ọwọ́ yín, ohun yòówù kí fóònù sọ, ó ti pọ̀jù.

Ẹ óò rí i kà nínú ìtọ́ni láti Jàpáànù pé kí ẹ fi aṣọ ibòji tó ń gba ìdajì oòrùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bo ọ̀gbìn yín. Ó tọ̀nà lọ́hùn-ún, níbi tí ìkòkò wà níta lábẹ́ oòrùn Tokyo. Ẹ má ṣe gbé e wá sí Manchester bẹ́ẹ̀ láìrò ó. Gíláàsì, ògiri àti ìkùukùu ti gba ìpín tiwọn kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín, bí ẹ bá sì sún ìkòkò kúrò lójú fèrèsé ní ìwọ̀n mítà kan péré, èyí tó kù lè má tó ìdá mẹ́rin ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú yàrá tí ojú yín rí bí ibi tó mọ́lẹ̀ kedere lè má ju 500 lux lọ, nítorí pé ojú ènìyàn máa ń bá ibi tó bá wà mu, ewé kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni èkejì yín wà báyìí. Kò pa ilà rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò pa á lébi.

Bí fèrèsé kan bá wà tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé méjèèjì sí. Oòrùn àárọ̀ kò le, yóò sì ti kúrò kí ooru tó dé. Bí gúúsù nìkan ni ẹ ní, ẹ ta aṣọ fèrèsé funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú wọn láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ sì ṣí fèrèsé nígbà tí ara ilé bá gbà. Èyí tó dára jù ni kí ẹ gbé wọn síta láti ìparí oṣù Karùn-ún, nígbà tí yìnyín òru bá ti lọ, sábẹ́ igi tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì mú wọn mọ́ ọn, kí ibòji pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ewé tó dàgbà sẹ́yìn gíláàsì máa ń jó níta ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ máa yí ìkòkò padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ewé fukiran máa ń tò sí apá méjì bí abẹ̀bẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ń ti apá kan wá nígbà gbogbo, abẹ̀bẹ̀ náà yóò wọ́.

Ìgbà òtútù ni ìyàtọ̀ Manchester àti Jàpáànù pọ̀ jù. Ní ìdajì oṣù Kejìlá, ojúmọ́ yín kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méje ààbọ̀ lọ, nígbà tí ti Tokyo ń sún mọ́ mẹ́wàá. Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Bí ẹ bá ní yàrá tí kò ní ooru, tó wà láàárín 7°C sí 12°C, ẹ jẹ́ kí ọ̀gbìn sinmi níbẹ̀ lójú fèrèsé. Kò ní dàgbà, omi díẹ̀ ló fẹ́, ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn yóò sì tó o. Ewé rẹ̀ lè hun díẹ̀ nígbà ìsinmi yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mú yín da omi lé e lórí. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ilé tó móoru ni yóò wà, kò ní sùn, yóò máa béèrè oúnjẹ, ẹ ó sì nílò iná LED funfun tó ń fún ewé ní nǹkan bíi 10,000 lux fún wákàtí méjìlá. Ìsinmi òtútù ni èmi yàn láàyò, nítorí pé ó ń ràn án lọ́wọ́ láti yọ òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn dídùn òdòdó yẹn ní alẹ́ sì tó ohun tí ènìyàn ń dúró dè fún ọdún kan. Àwọn tó ń ka èyí láti Ìbàdàn tàbí Èkó yóò rí i pé ìsinmi yìí gan-an ni ojú ọjọ́ wa kò ní. Ọ̀gbìn náà lè wà láàyè, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ kò ní ṣeé gbára lé.

Ẹ mọ ohun tó jó yàtọ̀ sí ohun tó rà. Ibi tí oòrùn jó máa ń wà ní ìhà tó kọjú sí fèrèsé, ó máa ń gbẹ, ó máa ń rí bíi pépà, kì í sì í tàn kálẹ̀ mọ́ bí ẹ bá ti gbé ọ̀gbìn kúrò. Bí àbàwọ́n bá dúdú, tó rọ̀, tó sì ń tàn láti ìdí ewé, omi ló pọ̀jù, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Mọ́ọ̀sì (ewéko rírọ̀ tó ń gba omi mọ́ra) tí wọ́n fi yí gbòǹgbò ká gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí ẹ tó tún bomi rin ín, àárín òkìtì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ihò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ajílẹ̀ kí ó kéré gan-an. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ló gbà pé ajílẹ̀ tí náítrójìn rẹ̀ pọ̀ a máa mú kí ilà ṣókùnkùn.

Ní ti ríra òmíràn, fukurin ni kí ẹ fi kún ti ilé ná. Bí ẹ bá fẹ́ shima, ẹ rí i pé ilà wà ní apá méjèèjì abẹ̀bẹ̀ náà, pé ó sì wà lára ewé tó kéré jù ní àárín, nítorí ibẹ̀ ni ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ wà. Èyí tí ilà rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan péré, tàbí ní ìsàlẹ̀ nìkan, kí owó rẹ̀ má ṣe pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ fukiran ní Jàpáànù máa ń tẹ ìwé orúkọ kan jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n to àwọn tó lórúkọ sí bí wọ́n ṣe ń to àwọn eléré ìjàkadì sumo, iye owó sì sábà máa ń tẹ̀ lé ipò inú ìwé yẹn àti iye abẹ̀bẹ̀ tó wà nínú ìkòkò. Orúkọ náà wà fún èyí tí wọ́n pín láti ara ìyá nìkan; èyí tó hù láti inú èso kì í ṣe Nishidemiyako, àní bí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá gbà á tààrà láti Jàpáànù, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu) àti ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n já nínú igbó, iye owó yòówù kí wọ́n pè é, nítorí jíjá yìí ti jẹ́ kí ó ṣọ̀wọ́n níbi tó ti ń hù fúnra rẹ̀.

Fún báyìí, ẹ má ṣe gé ewé Nishidemiyako tó jó. Àárín rẹ̀ tó tutù ṣì ń se oúnjẹ, ọ̀gbìn tó ní etí funfun kò sì ní èyí tó lè ṣòfò. Ẹ gbé èkejì wá sí ibi 8,000 lux fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé 15,000. Nígbà tí oṣù Kẹta bá dé, ẹ tú u kúrò nínú mọ́ọ̀sì àtijọ́, kí ẹ sì wo ìdí àwọn ewé ìsàlẹ̀ dáadáa bóyá ọmọ ti ń yọ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ní ilà, ẹ má ṣe jẹ́ kí mọ́ọ̀sì tuntun bò ó, kí ìmọ́lẹ̀ lè kan án.